Àwọn Tí Ń Gbá Ilẹ̀ Òkun

Bí ìdọ̀tí bá wà ní ojúde wa, a ó mú ìgbálẹ̀, a ó gbá a. Bí ó bá wà nínú gọ́tà, a ó mú ṣọ́bìrì, a ó kó o. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá wà ní ìsàlẹ̀ òkun ńkọ́, níbi tí omi jìn tó gíga igi àgbọn? Ta ni yóò gbá a? Kí ni yóò sì fi gbá a?

Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó kà nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n fi iṣẹ́ yìí ṣe tiwọn. Amòòkùn ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba owó kankan. Ẹlòmíràn jẹ́ olùkọ́, ẹlòmíràn jẹ́ akọ̀wé, ẹlòmíràn jẹ́ oníṣòwò. Ní ọjọ́ ìsinmi wọn ni wọ́n ń wọ inú òkun lọ láti kó ohun tí ẹlòmíràn sọ nù. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń ṣe àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A ó sì rí i pé ọkàn rere nìkan kò tó fún irú iṣẹ́ yìí. Ìmọ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn.

KÍ NI ÒKÌTÌ IYÙN?

Gbogbo wa la mọ iyùn. Ọba ń fi í sọ́rùn. Ìyàwó ń fi í sọ́wọ́ ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹlòmíràn rò pé òkúta tí a wà nínú ilẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkun ni iyùn tòótọ́ ti ń wá, ohun alààyè kan ni ó sì ṣe é.

Iyùn tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní ìbátan púpọ̀ nínú òkun. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà tí ń gbé pọ̀ nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó mọ́ gaara, tí oòrùn sì ń wọ inú rẹ̀. Ẹyọ kan nínú wọn lè má ju orí ìṣáná lọ. Ara rẹ̀ rọ̀. Ó ní ẹnu kan, ó sì ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ yí ẹnu náà ká. Ó ń kọ́ ilé tí ó le bí òkúta sí abẹ́ ara rẹ̀. Bí èyí bá kú, òmíràn á kọ́lé lé e lórí. Báyìí ni wọ́n ń ṣe fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí ilé wọn fi di òkìtì ńlá lábẹ́ omi. Òun ni a ń pè ní òkìtì iyùn.

Òkìtì yìí kì í tètè ga. Iyùn tí ó rí roboto bí àpáta lè má fi ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ ní ọdún kan. Èyí tí ó ga tó ọmọ ọdún márùn-ún lè ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún níbi tí ó wà. Bí ẹnìkan bá fọ́ ọ lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ kò ní rí i kí ó padà bọ̀ sípò.

Kí ni òkìtì iyùn wà fún? Ó dà bí ìlú àti ọjà pọ̀. Ẹja ń yé ẹyin síbẹ̀, àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ síbẹ̀, alákàn àti edé ń jẹun níbẹ̀. Bí a bá pín ilẹ̀ òkun gbogbo sí ọ̀nà 100, òkìtì iyùn kò gbà tó ọ̀nà kan. Síbẹ̀, nínú irú ẹ̀dá mẹ́rin tí ó wà nínú òkun, ó tó ọ̀kan tí ń lo ibẹ̀ ní àkókò kan nínú ayé rẹ̀. Òkìtì iyùn tún ń fọ́ agbára ìgbì, kí ó má baà gbá ilé àwọn ará etíkun lọ.

Ohun kan ṣì kù tí a gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú ara àwọn ẹ̀dá kékeré yìí ni ohun kan wà tí ó dà bí ewé tíntín, tí ojú wa kò lè rí. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ó sì ń fún iyùn jẹ nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí ó bá dí oòrùn mọ́ iyùn, ebi ni ó ń fi pa á.

ÀWỌ̀N TÍ KÒ LÓLÚWA

Láyé àtijọ́, òwú àti okùn tí a rí nínú igbó ni àwọn apẹja fi ń hun àwọ̀n. Bí irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ bá sọnù sínú omi, kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹrà. Lónìí náílọ́nù ni a fi ń hun àwọ̀n. Ó lágbára, ó fúyẹ́, kì í tètè já. Ìdí nìyí tí apẹja fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọnù, kì í jẹrà. Ó lè wà lábẹ́ omi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Àwọ̀n lè sọnù ní ọ̀nà púpọ̀. Ìjì lè gbé e lọ. Ọkọ̀ ńlá lè kọjá kí ó já okùn rẹ̀. Ó lè há sára àpáta, kí apẹja fà á títí kí agbára rẹ̀ pin, kí ó sì gé e sílẹ̀. Àwọn díẹ̀ a sì máa dà á nù bí ó bá ti gbó.

Àwọ̀n tí ó sọnù kò mọ̀ pé òun ti sọnù. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹja há sínú rẹ̀, ó kú. Òkú ẹja pe alákàn, alákàn náà há. Ìjàpá òkun gbọ́dọ̀ máa jáde mí sí òkè omi. Bí àwọ̀n bá dì í mọ́lẹ̀, omi yóò pa á. Báyìí ni àwọ̀n náà ń pẹja tọ̀sán tòru, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ń jẹ ẹ́. Apẹja ni ó kọ́kọ́ pàdánù àwọ̀n. Òun náà ni ó tún ń pàdánù ẹja tí àwọ̀n náà ń pa.

Bí àwọ̀n bá wá bo òkìtì iyùn, ìyà di méjì. Ó dí oòrùn mọ́ iyùn. Bí ìgbì bá sì ti ń mì í, ó ń ha iyùn lára, ó ń ṣẹ́ ẹ bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ KOH LOSIN

Ní orílẹ̀-èdè Thailand, ní ilẹ̀ Éṣíà, àpáta kékeré kan wà láàrin òkun tí a ń pè ní Koh Losin. Ó jìnnà sí etí òkun púpọ̀. Ènìyàn kì í gbé orí rẹ̀. Ilé iná kan ni ó wà níbẹ̀ tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà lóru. Ṣùgbọ́n lábẹ́ omi, òkìtì iyùn tí ó dára yí àpáta náà ká.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn amòòkùn rí àwọ̀n ńlá kan tí ó tẹ́ sórí iyùn náà. Ibi tí ó bò fẹ̀ tó nǹkan bí 2,750 mítà onígun mẹ́rin. Kí èyí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká fi wé púlọ́ọ̀tì ilé. Púlọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, irú rẹ̀ mẹ́rin ni àwọ̀n náà bò.

Àwọn tí ó rí i kò sọ pé, “Kò kàn wá, a kì í ṣe apẹja.” Wọ́n ké síta. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń tọ́jú òkun gbọ́, àwọn ọmọ ogun ojú omi gbọ́, àwọn amòòkùn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn náà gbọ́. Gbogbo wọn para pọ̀, wọ́n lọ. Nínú oṣù kan náà ni wọ́n gé àwọ̀n náà kúrò, tí wọ́n sì gbé e jáde. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí kílò 800. Bí ẹ bá ru àpò sìmẹ́ǹtì rí, àpò 16 ni yẹn.

Àwọ̀n náà ti ba iyùn kan jẹ́ kí wọ́n tó dé. Ṣùgbọ́n iyùn púpọ̀ ṣì wà láàyè, oòrùn sì tún dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ohun tí wọn ì bá bá níbẹ̀ ì bá burú ju ìyẹn lọ.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE IṢẸ́ NÁÀ

Ẹlòmíràn lè sọ pé, “Kí ló le níbẹ̀? Kí wọ́n so okùn mọ́ àwọ̀n, kí ọkọ̀ fà á.” Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọ̀n yóò jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò fa iyùn tu pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Báyìí ni àwọn amòòkùn ṣe ń ṣe é:

1. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ná. Kò sí ẹni tí ń lọ kó ìdọ̀tí lábẹ́ òkun tí kò tíì mọ bí a ti ń mòòkùn dáadáa. Ẹni tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ nínú omi yóò fi ẹsẹ̀ fọ́ iyùn tí ó wá gbà là.

2. Ẹnì kan kì í dá lọ. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn. Olúkúlùkù gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ó sì ń wo ti ẹnìkejì rẹ̀ bí ó ti ń wo tirẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ẹnì kan bá fẹ́ tán, àwọn méjèèjì ni yóò gòkè.

3. Wọ́n ń gé àwọ̀n náà ní ègé kéékèèké, pẹ̀lú ọ̀bẹ tàbí àlùmọ́gàjí. Wọn kì í fà á. Bí ẹja tàbí alákàn bá wà láàyè nínú rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ tú u sílẹ̀.

4. Bí iyùn bá ti hù bo okùn kan mọ́lẹ̀, wọ́n á gé èyí tí ó yọ síta, wọ́n á fi èyí tí ó kù sílẹ̀. Yíyọ rẹ̀ yóò ṣe ibi ju fífi sílẹ̀ lọ.

5. Ẹrù tí ó wúwo, wọn kì í fi ọwọ́ gbé e. Wọ́n á so ó mọ́ àpò kan tí ó lágbára, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ sínú àpò náà. Afẹ́fẹ́ á gbé àpò lọ sókè omi, ẹrù á sì tẹ̀ lé e. Wọn kì í so àpò yìí mọ́ ara ènìyàn láéláé.

6. Wọ́n ń rọra gòkè. Ẹ ka èyí dáadáa, nítorí ìdí rẹ̀ ni pé ó lè gba ẹ̀mí. Bí ènìyàn bá wà ní ìsàlẹ̀ omi, omi ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ara. Afẹ́fẹ́ tí ó ń mí sínú á wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá sáré gòkè, afẹ́fẹ́ náà á hó nínú ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí a ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójijì. Ó lè rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á. Nítorí náà wọ́n ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní nǹkan bí mítà márùn-ún sí òkè omi, kí wọ́n tó jáde.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí ó sọ àwọ̀n nù lè ti gbàgbé rẹ̀ kí ó tó délé. Ẹni tí ó ń kó o ni ó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

SÍLÉÈTÌ LÁBẸ́ OMI

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó dùn mọ́ àwa tí a ń kọ́ni níwèé púpọ̀. Àwọn amòòkùn ń mú síléètì lọ sí abẹ́ òkun. Ike funfun ni wọ́n fi ṣe é. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n sì fi ń kọ̀wé sí i, nítorí pẹ́ńsùlù a máa kọ̀wé dáadáa nínú omi.

Kí ni wọ́n ń kọ? Wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí, iye rẹ̀, àti bí ibẹ̀ ti jìn tó. Bí wọ́n bá dé òkè, wọ́n á da ìdọ̀tí náà sílẹ̀, wọ́n á yà á sọ́tọ̀, wọ́n á kà á, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Ìgò mélòó? Okùn ìwọ̀ mélòó? Àwọ̀n kílò mélòó? Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Project AWARE nígbà náà bẹ̀rẹ̀ ètò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dive Against Debris, kí amòòkùn níbikíbi ní ayé lè fi irú àkọsílẹ̀ yìí ránṣẹ́ síbì kan náà.

Kí ni àkọsílẹ̀ wà fún? Ẹni tí ó bá kó ìdọ̀tí láìkọ ọ́ sílẹ̀ ti ṣe rere fún ọjọ́ kan. Ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdọ̀tí ọjọ́ iwájú. Bí ìwé bá fi hàn pé okùn ìwọ̀ ni ó pọ̀ jù lábẹ́ afárá tí àwọn ènìyàn ti ń pẹja, a lè gbé àpótí síbẹ̀ kí wọ́n máa ju okùn tí ó já sí. Bí ó bá jẹ́ ìgò ni, a mọ ẹni tí a ó lọ bá sọ̀rọ̀. Bí a bá lọ bá ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ẹnu lásán, wọ́n lè sọ pé irọ́ ni. Bí a bá gbé ìwé lọ, tí iye wà nínú rẹ̀, ọjọ́ wà nínú rẹ̀, ó di ẹ̀rí.

TÁYÀ TÍ WỌ́N FI ṢE ORE

Ẹ jẹ́ ká wá wo òdìkejì ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1972, ní ìlú Fort Lauderdale, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn kan gbèrò ohun rere. Táyà tí ó ti jẹ pọ̀ nílẹ̀, kò sí ibi tí wọn ó kó o sí. Wọ́n ní kí wọ́n dì í ní ìdì ìdì, kí wọ́n sọ ọ́ sínú òkun. Wọ́n rò pé iyùn yóò hù sórí rẹ̀ àti pé ẹja yóò fi ṣe ilé. Ìjọba fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 100, tí ó jẹ́ ti àwọn ará ìlú fúnra wọn, jáde lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọn ó fi parí rẹ̀, táyà tí ó wà nínú òkun tó mílíọ̀nù méjì.

Iyùn kò hù síbẹ̀ bí wọ́n ti rò. Irin tí wọ́n fi dì wọ́n dípẹtà, okùn já. Táyà kò wúwo tó láti dúró lójú kan. Ìgbà tí ìjì bá jà, wọ́n á máa yí kiri, wọ́n á máa kọlu iyùn tòótọ́ tí ó wà nítòsí. Ohun tí wọ́n fi ṣe ore di òòlù tí ń fọ́ òkìtì.

Láti ọdún 2007 sí 2009, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n jẹ́ amòòkùn ń lọ síbẹ̀ láti kó táyà náà. Iye tí wọ́n kó tó nǹkan bí 73,000. Ẹ mú pẹ́ńsùlù, kí ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú táyà 100 kọ̀ọ̀kan, wọn kò tíì kó tó 4. Àwọn mìíràn ti bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn wọn, síbẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye táyà ṣì kù nínú òkun náà.

Ẹ fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Àwọn ará Fort Lauderdale ti ọdún 1972 yọ̀ǹda ara wọn. Àwọn amòòkùn Koh Losin náà yọ̀ǹda ara wọn. Ọkàn àwọn méjèèjì dára. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti àkọ́kọ́ sọ mílíọ̀nù méjì sínú omi kí ó tó dá a lójú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ti ìkejì mọ ohun tí ó ń ṣe kí ó tó fi ọ̀bẹ kan àwọ̀n.

Àwọn ará Florida ti kọ́ ọgbọ́n. Ní etíkun yẹn kan náà, ní ìlú Deerfield Beach tí kò jìnnà sí Fort Lauderdale, amòòkùn 633 para pọ̀ ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2019. Wọ́n wọ inú òkun lábẹ́ afárá ìpẹja, wọ́n kó okùn, òjé àti ìdọ̀tí mìíràn jáde. Láyé ìgbà kan, ọkọ̀ ń kó ìdọ̀tí lọ sínú òkun yẹn. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń kó o padà.

KÍ NI TIWA NÍNÚ RẸ̀?

Etíkun tiwa, láti Badagry títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, yanrìn àti ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ilé òkìtì iyùn. Ṣùgbọ́n náílọ́nù tí ń pa ẹja ní Thailand ni ó ń pa á nínú ọ̀sà wa pẹ̀lú. Àwọ̀n tí ó sọnù ní Ẹ̀pẹ́ kò mọ̀ pé Koh Losin kọ́ ni òun wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin apẹja, ẹ má ṣe sọ àwọ̀n tí ó gbó sínú omi. Ẹ gbé e wá sí èbúté. Bí ti yín bá sọnù, ẹ sọ fún ẹlẹgbẹ́ yín ibi tí ó wà, bóyá ẹ lè jùmọ̀ yọ ọ́ láti inú ọkọ̀. Ẹ má ṣe mòòkùn lọ bá a láìní ìmọ̀, nítorí àwọ̀n tí ó dì mọ́ ẹja lè dì mọ́ ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe apẹja, ẹ rántí pé ọ̀rá tí ó wọ gọ́tà yóò wọ odò, odò yóò sì gbé e dé òkun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé báyìí, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí ní etí omi yín: ọjọ́, ibi, ohun náà, iye rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn amòòkùn wọ̀nyí le púpọ̀, wọn kò sì lè kó ìdọ̀tí òkun tán láéláé bí àwa tí a wà lórí ilẹ̀ kò bá dẹ́kun sísọ ọ́ síbẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ TÍ A GBỌ́DỌ̀ MỌ̀

Amòòkùn: ẹni tí ń wọ abẹ́ omi lọ.
Òkìtì iyùn: òkìtì tí ilé àwọn ẹ̀dá kékeré iyùn pa pọ̀ dì lábẹ́ òkun.
Yọ̀ǹda ara ẹni: láti ṣe iṣẹ́ láìgba owó, tinútinú.
Àkọsílẹ̀: ohun tí a kọ sínú ìwé kí a má baà gbàgbé.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí iyùn fi ń kú bí àwọ̀n bá bò ó?
2. Kí nìdí tí àwọn amòòkùn kì í fi í so okùn mọ́ àwọ̀n kí ọkọ̀ fà á?
3. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ sí amòòkùn tí ó bá sáré gòkè?
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin iṣẹ́ àwọn ará Fort Lauderdale ní ọdún 1972 àti iṣẹ́ àwọn tí ó lọ sí Koh Losin ní ọdún 2021?
5. Lọ sí etí odò, ọ̀sà tàbí gọ́tà tí ó súnmọ́ ilé rẹ. Kọ orúkọ ohun márùn-ún tí o rí níbẹ̀ tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye rẹ̀. Mú ìwé náà wá sí kíláàsì.